Ọ́ìlì tọ́bò lórí alùpùpù àtijọ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ gbé tọ́bò, ìyẹn ẹ̀rọ tí èéfín ẹ́ńjìnnì ń yí kó lè máa ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sí i sínú ẹ́ńjìnnì, sórí alùpùpù àtijọ́, páìpù tó ń gbé ọ́ìlì wọlé kọ́ ni wàhálà o, èyí tó ń gbé e padà ni. Ọ́ìlì tó bá jáde nídìí tọ́bò ò ní prẹ́ṣọ̀ mọ́, afẹ́fẹ́ ti wọ̀ ọ́, ó ti ń hó bí omi ọṣẹ, fúnra ẹ̀ ló máa ṣàn, torí náà ẹ lo họ́ọ̀sì tó fẹ̀ dáadáa, kó dà wálẹ̀ láìtẹ̀ sókè níbì kankan, kó sì wọnú ẹ́ńjìnnì lókè ibi tí ọ́ìlì inú ẹ̀ dé. Bí tọ́bò bá wá wà nísàlẹ̀ jù, àfi kẹ́ ẹ wá pọ́ǹpù tí á máa fà á padà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọ́ìlì á gba ojú síìlì tó ń dí i mọ́ inú tọ́bò jáde, èéfín á bo gbogbo yín.

Sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn bí ọ́ìlì ṣe gbóná tó ńkọ́? Ibi tí ọ́ìlì ti ń ṣàn ni kẹ́ ẹ fi sí, kó tó dé kúlà tó ń mú un tutù. Tẹ́ ẹ bá fi sí kọ̀rọ̀ tí ọ́ìlì ti dúró sójú kan, géèjì á kàn máa parọ́ fún yín ni. Tí sẹ́ńsọ̀ náà bá sì jẹ́ oníwáyà kan, ẹ má fi tépù tí wọ́n fi ń dí jíjò wé ẹnu ẹ̀ jù, ara irin ẹ́ńjìnnì ló fi ń rí ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ọ̀nà tí iná ń gbà padà.