Kí wọ́n tó gbin irun sí mi lórí

Ọdún méjì gbáko ni mo fi ń tọ́jú owó irun gbígbìn yìí. Nígbà tí mo máa fi dé ọ̀dọ̀ dókítà, ọjọ́ tí wọ́n máa ṣe é fún mi nìkan ni mo fẹ́ gbọ́. Irun iwájú orí mi ti lọ tán láti ẹ̀bá etí kan dé èkejì, débi pé tí mo bá fẹ́ ṣí híjáàbù nínú ilé ara mi, màá kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò. Obìnrin tó bá ti fi ogún ọdún di irun mọ́ atáṣímẹ́ǹtì, tí onídìrí ń fà á títí ojú á fi le koko, yóò mọ ohun tí mò ń sọ.

Èkó ni mo ti fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Àwọn tó máa ṣe é níbẹ̀ ló ní kí n kọ́kọ́ lọ rí dókítà awọ nítòsí mi, kí n sì mú èsì àyẹ̀wò wá. Bí mo ṣe dé ilé ìwòsàn kan ní GRA níbí ní Ìlọrin nìyẹn. Mo ń kọ èyí torí àwọn obìnrin tí mo mọ̀ tí wọ́n rò, bí èmi náà ṣe rò, pé tówó bá ti pé, ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Láti Tanke ni mo ti sáré wá, nítorí náà nígbà tí nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, 152 lórí 94 ló jẹ́. Ó ní, "Ìyá Rùkáyà, ẹ jókòó ná, kí ara yín wálẹ̀." Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, ó ti di 134 lórí 84. Ó ṣàlàyé fún mi pé abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń pa awọ orí kú máa ń ní adrenaline nínú, èyí tó ń mú kí ọkàn sáré, iṣẹ́ náà sì lè gba wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ lórí àga. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ mi lọ sí láàbù: ṣúgà, bí ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó àti bó ṣe ń dì, jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ (hepatitis) B àti C, HIV. Wọ́n tún wo thyroid, ìyẹn omi ara tó ń ti ọ̀fun wá, àti irin tó wà nípamọ́ nínú ara, torí pé tí àwọn yẹn bá dínkù, irun á máa jábọ́ fúnra rẹ̀. Gbogbo èyí kò gbà ju wákàtí kan.

Ọ̀dọ̀ dókítà gan-an ni a ti pẹ́. Obìnrin ni, kò lè ju ọmọ ọdún márùndínlógójì lọ. Ó bi mí oògùn tí mò ń lò. Mo ní kò sí. Ó ní, "Àgbo ńkọ́, mà?" Áà, àgbo jẹ̀dí tí mò ń mu ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì! Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní àgbo, aspirin àti aáyù tó bá pọ̀ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà jù lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ. Ó tún béèrè bóyá ojú egbò mi máa ń wú lẹ́yìn tó bá jinná. Mo fi etí mi hàn án, níbi tí mo ti lu ihò kejì nígbà tí mo wà ní girama: kókó kan wà níbẹ̀ tó tó ẹ̀wà. Ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ó ní ojú egbò kékeré ni ibi tí wọ́n bá gbin irun kọ̀ọ̀kan sí, bẹ́ẹ̀ náà ni ibi tí wọ́n ti yọ ọ́ ní ìpàkọ́, nítorí náà irú awọ tèmi, díẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dán wò, kí wọ́n sì dúró oṣù mélòó kan.

Ó wá ní, "Irun màmá yín ńkọ́?"

Ọ̀ọ̀fà ni màámi gbé títí wọ́n fi lọ, gèlè kì í sì í kúrò lórí wọn. Ìgbà tí mò ń wẹ̀ fún wọn nínú àìsàn tó gbẹ̀yìn ni mo tó rí àtàrí wọn. Ó ń dán, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Nílé wa, ẹrù tí wọ́n ń rù láti kékeré ni wọ́n sọ pé ó jẹ irun ibẹ̀. Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún dókítà. Ló bá dìde, ó la irun mi ní àtàrí, níbi tí n kò tilẹ̀ mẹ́nu bà rárá. "Ṣé ó máa ń yún yín níbí?"

Ó máa ń yún mi. Ó máa ń ta mí nígbà mìíràn. Rilásà ni mo di ẹ̀bi rẹ̀ rù.

Ó gbé dígí kékeré kan tó ní iná lé mi lórí, àwòrán rẹ̀ sì ń hàn lójú kọ̀ǹpútà. Ní ìpàkọ́, irun méjì tàbí mẹ́ta ń hù jáde látinú ihò kan, wọ́n dúró digbí. Níwájú, awọ ń dán, ihò ti dí. Ní àtàrí, irun ṣì wà, àmọ́ ọ̀pọ̀ jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, òrùka funfun fẹ́ẹ́rẹ́ sì yí ìdí wọn ká. Ó fi ìka tọ́ka sí òrùka yẹn, kò sì sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ó pa ibẹ̀ kú, ó gé awọ tí kò fẹ̀ ju mílímítà mẹ́rin lọ, ó rán an. Ọ̀sẹ̀ méjì ni èsì fi dé. CCCA ni wọ́n ń pè é: àìsàn tó ń bẹ̀rẹ̀ láti àtàrí, tó ń jẹ gbòǹgbò irun lábẹ́ awọ, tó sì ń sọ ibẹ̀ di àpá. Òrùka funfun yẹn wà lára àmì rẹ̀. Àwa obìnrin aláwọ̀ dúdú ló ń ṣe jù. Ní 2019, àwọn onímọ̀ rí àyípadà nínú jíìnì kan (ohun tí ọmọ ń jogún lára òbí), PADI3, lára àwọn kan tó ní in, ìyẹn ló jẹ́ kí ó béèrè màámi. Irun tí wọ́n bá gbìn nígbà tí àìsàn náà ṣì ń jà, yóò bá ti tẹ́lẹ̀ lọ ni.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n ṣe iwájú nìkan, ṣebí fífà ló ba ìyẹn jẹ́. Ó ní irun tí wọ́n bá yọ ní ìpàkọ́ kì í hù padà níbẹ̀, èyí tí mo ní níbẹ̀ kò sì pọ̀. A ò lè ná an tán kí a tó mọ ibi tí àtàrí máa dúró sí. Ó ní ó kéré tán, kí àìsàn náà pa rọ́rọ́ fún ọdún kan ná. Mo sunkún nínú ọkọ̀ títí dé Tanke.

Mo ti wà lórí oògùn doxycycline àti abẹ́rẹ́ sínú awọ orí báyìí, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n sì ń ya àwòrán orí mi, lórí àga kan náà. Nígbà tí mo lọ kẹ́yìn, mo mú Rùkáyà dání. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni. Ó tú sùkú orí rẹ̀, dókítà sì gbé dígí yẹn lé àtàrí rẹ̀, mo dìde dúró kí n lè rí ojú kọ̀ǹpútà dáadáa. Kò sí òrùka kankan níbẹ̀.