Bí Mo Ṣe Gba Èrò Òǹkàwé Mẹ́jọ lórí Northanger Abbey

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbìyànjú láti mọ èrò àwọn ènìyàn lórí ìwé ìtàn kan, ọwọ́ òfo ni mo mú bọ̀. Mo ní kí wọ́n ka ìwé náà tán, mo wá bi wọ́n bóyá ó dùn. Àwọn kan ní ó dùn, àwọn kan ní kò dùn, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Ẹni tó ti ka ìwé dópin ti gbàgbé ohun tó rò nígbà tó ṣì wà láàárín rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí mo fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí lẹ́ẹ̀kejì, lórí Northanger Abbey tí Jane Austen kọ, mo pinnu pé a ó máa dúró lójú ọ̀nà, n ó sì máa gba èrò àwọn òǹkàwé níbi tí a bá ti dúró.

Mo yan ìwé náà nítorí pé ìtàn ìfẹ́ tó ń pani lẹ́rìn-ín ni, tó sì tún ní àdììtú nínú. Ìparí ọdún 1817 ni ó jáde, ní àkókò tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Regency. Ọ̀rọ̀ yìí kò ni àwọn òǹkàwé mi lára rárá, nítorí pé a mọ ohun tí à ń pè ní adelé: nígbà tí àìsàn kò jẹ́ kí Ọba George Kẹta lè ṣàkóso mọ́, ọmọ rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe adelé láti ọdún 1811 títí ọba fi wàjà ní ọdún 1820. Ohun tó dùn wọ́n jù nínú gbogbo àlàyé tí mo ṣe ni pé òǹkọ̀wé náà kò fojú rí ìwé yìí lórí àtẹ. Ọdún 1803 ni wọ́n ti tà á fún atẹ̀wé kan ní pọ́n-ùn mẹ́wàá. Atẹ̀wé náà jókòó tì í, kò tẹ̀ ẹ́, títí ẹ̀gbọ́n Austen ọkùnrin fi rà á padà ní iye kan náà. Ìgbà tí yóò fi jáde, oṣù bíi márùn-ún ti kọjá lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Pálọ̀ mi ní Ìbàdàn ni a ti ń pàdé ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Àwọn mẹ́jọ ni: ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tí gbogbo wa ń pè ní Mámà Nọ́ọ̀sì, aránṣọ kan, tọkọtaya kan tí àwọn méjèèjì jẹ́ olùkọ́, akọ̀wé báńkì kan, àti akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì mẹ́ta. Èmi ni mo ń ka ìwé náà sókè, mo sì ń túmọ̀ ibi tí èdè Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́ bá ti le. Òpin orí kẹẹ̀ẹ́dógún, orí kọkànlélógún, orí kẹrìnlélógún àti orí kọkànlélọ́gbọ̀n tó kẹ́yìn ni mo fi ṣe ibùdúró wa. Òfin kan ṣoṣo ni mo ṣe: kí oníkálukú kọ èrò rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu. Tí Mámà Nọ́ọ̀sì bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ta ni nínú àwọn ọmọ náà tí yóò já a ní koro?

Catherine Morland, ọmọ àlùfáà kan tó bí ọmọ mẹ́wàá, ni ìtàn náà dá lé. Ọmọ ọdún 17 ni, ó tẹ̀lé àwọn aládùúgbò rẹ̀ lọ sí ìlú Bath, níbi tí ó ti pàdé Henry Tilney. Ní ibùdúró àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ aṣọ ni aránṣọ wa kọ. Henry sọ fún ìyá tó mú Catherine wá pé òun ra aṣọ muslin fún àbúrò òun obìnrin ní ṣílè márùn-ún lọ́pá kan, pé ojúlówó ti Íńdíà sì ni. Aránṣọ kọ ọ́ pé ọkùnrin tó bá mọ iye aṣọ, tó sì lè dá ojúlówó mọ̀, ti kọ́ bí a ṣe ń bá obìnrin gbélé. Ní ti akọ̀wé báńkì, ó kọ ọ́ pé orí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti kọjá, òun kò tíì rí àdììtú kankan. Òótọ́ ni ó sọ, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìfi iyọ̀ sí i: àdììtú ìwé yìí pẹ́ kó tó dé.

Ibùdúró kejì ni iṣẹ́ náà ti dùn mọ́ mi jù. Catherine ti dé ilé Ọ̀gágun Tilney, bàbá Henry, ilé àtijọ́ tó ti jẹ́ ibùgbé àwọn ẹlẹ́sìn nígbà kan rí. Òjò ń rọ̀, ìjì ń jà. Kọ́bọ́ọ̀dù dúdú kan wà ní yàrá rẹ̀, ó fi kọ́kọ́rọ́ jà á títí ó fi ṣí, ọwọ́ rẹ̀ sì ba ìdì ìwé kan ní kọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ó ṣe ní kí òun tún òwú àbẹ́là ṣe kí iná lè mọ́lẹ̀ sí i, iná kú pátápátá. Mo pa ìwé dé. Ariwo sọ! Mo pín bébà kéékèèké fún wọn, mo ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rò pé ó wà nínú ìdì náà, mo ká a, mo jù ú sínú agolo mílíìkì, mo sì gbé agolo náà sórí kọ́bọ́ọ̀dù tèmi fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, àwọn márùn-ún ti kọ ọ́ pé lẹ́tà ìyá Henry tó ti kú ni, àwọn méjì ní ìwé ìhágún ni, akẹ́kọ̀ọ́ kan sì kọ “ìwé lásán.” Mo wá ka orí kejìlélógún. Ìwé owó alágbàfọ̀ ni: ṣẹ́ẹ̀tì, ìbọ̀sẹ̀, àti irú aṣọ ọkùnrin bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú owó ìtọ́jú ẹṣin. Mámà Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí tó fi ń fi etí ìró nu ojú. Inú bí akọ̀wé báńkì, ó ní wọ́n fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko ṣe òun ṣákálá. Mo gbà pé èrò méjèèjì tọ̀nà, nítorí pé ẹni tí kò bá retí òkú kò lè rẹ́rìn-ín alágbàfọ̀.

N kò ní pẹ́ lórí ibùdúró kẹta. Catherine fura pé Ọ̀gágun ni ó pa ìyàwó rẹ̀, Henry ká a mọ́ ẹnu yàrá ìyá rẹ̀, ó sì bá a wí. Mámà Nọ́ọ̀sì ní kí n tún ibi tí Henry ti sọ̀rọ̀ àìsàn ìyá rẹ̀ kà: dókítà mẹ́ta ló wò ó, ọjọ́ karùn-ún ni ó kú. Ó ní ikú àìsàn nìyẹn, kò sí ọwọ́ ènìyàn níbẹ̀. Àwọn mẹ́fà kọ ọ́ pé Catherine fi ara rẹ̀ wọ́lẹ̀.

Ìgbà tí a dé òpin ni ọ̀rọ̀ yí padà. John Thorpe, ọ̀dọ́kùnrin kan tí Catherine mọ̀ ní Bath, ti kọ́kọ́ parọ́ fún Ọ̀gágun pé olówó ni àwọn òbí Catherine. Nígbà tí ó tún sọ fún un pé tálákà ni wọ́n, Ọ̀gágun lé ọmọ náà jáde ní agogo méje òwúrọ̀ Sunday, láìsí ìránṣẹ́ tí yóò tẹ̀ lé e, ìrìn máìlì 70. Eleanor, àbúrò Henry, ni kò jẹ́ kó lọ láìlówó lọ́wọ́. Ìyàwó olùkọ́ ní irọ́ alárinà tó dá ilé rú nìyí. Mámà Nọ́ọ̀sì ní tirẹ̀ ní, “Ọmọ yẹn kò ṣi ọkùnrin náà mọ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ tó fi kàn án nìkan ni kò rí bẹ́ẹ̀.” Mẹ́rin nínú àwọn mẹ́fà náà ní kí n jẹ́ kí àwọn pa ohun tí àwọn kọ rẹ́. N kò gbà. Mo ní kí wọ́n fi yíǹkì pupa kọ èrò tuntun sábẹ́ ti àtijọ́, abala bébà wọ̀nyẹn ni mo sì fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tí mo kó jọ.

Ẹ̀sùn tí gbogbo wọn fi kan ìwé náà ni pé ó sáré parí. Henry wá dẹnu ìfẹ́ kọ Catherine, ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé kò jẹ́ kí a gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. Inú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò dùn pẹ̀lú pé ìwé sọ ọ́ gbangba pé ìmoore ni ìfẹ́ Henry ti bẹ̀rẹ̀, torí ó rí i pé ọmọ náà fẹ́ràn òun. Èmi kò rí àbùkù níbẹ̀ ní tèmi. Bí ìfẹ́ púpọ̀ ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Mo ti ń palẹ̀ mọ́ nígbà tí aránṣọ ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ padà sí ibi ìgbéyàwó Eleanor.” Mo ti sáré ka ibẹ̀ kọjá. Mo tún un kà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́: ọkùnrin tó fẹ́ Eleanor ni ìránṣẹ́ rẹ̀ gbàgbé ìwé owó alágbàfọ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù náà nígbà kan tí wọ́n wá kí wọn nílé. Aránṣọ nìkan ni ó gbọ́ ọ nínú wa. Ó na ọwọ́ sí agolo mílíìkì, ó wá bébà tirẹ̀ rí, ó sì ní kí n bun òun ní yíǹkì pupa. Sábẹ́ “lẹ́tà ìyá tó kú,” ó kọ ọ́ pé, “Aṣọ ọkọ Eleanor ni.”