Bí mo ṣe bọ́ lọ́wọ́ tirigonọ́mẹ́tírì

Ìdánwò àkọ́kọ́ wa nínú tirigonọ́mẹ́tírì (ìṣirò igun àti onígun mẹ́ta), 7 nínú 30 ni mo gbà. Fọ́múlà ni mo ń há sórí. Tí mo bá ti jókòó sí gbọ̀ngàn, gbogbo ẹ̀ á dàrú. Mo lọ sí títóríà ní Tánkẹ̀ n'Ílọrin, mo wo fídíò títí dátà fi tán. Pàbó.

Ohun tó ṣiṣẹ́ nìyí. Láràárọ̀, kí n tó wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, mo máa ń ya róbótó kan láìwo ìwé. Láti àárín rẹ̀ dé etí jẹ́ 1. Mo fa ìlà igun 30°, 45°, 60° àti 90° láti àárín dé etí rẹ̀. Níbi tí ìlà kọ̀ọ̀kan ti kan etí, ìwọ̀n ọ̀tún-sósì láti àárín ni cos (kósáìnì) igun yẹn, ti òkè-sísàlẹ̀ ni sin (sáìnì) rẹ̀. Àwọn méjèèjì àti 1 yẹn di onígun mẹ́ta tó ní igun 90°; ibẹ̀ ni sin²θ + cos²θ = 1 ti wá (θ ni igun náà). Fi cos²θ pín gbogbo rẹ̀, 1 + tan²θ = sec²θ á yọ (tan ni sin tí a fi cos pín, sec ni 1 tí a fi cos pín). Mi ò há ìyẹn sórí mọ́.

Àṣé kalikulétọ̀ mi náà ń dà mí: sin 30 ń fún mi ní −0.988 dípò 0.5. Rad (rédíánì) ló wà, kì í ṣe Deg (dígírì)! (Àbúrò mi ló fi ṣeré.) Lórí tèmi, mo tẹ MODE títí Deg, Rad, Gra fi jáde, mo wá tẹ 1.

Ìdánwò àṣekágbá, mo gba 64. Ó lè má bá tìẹ mu o. Ọ̀rẹ́ tí a jọ ń gbé yàrá, fọ́múlà tó lẹ̀ mọ́ ògiri ló gbà á.