Àwọn àṣìṣe tí à ń ṣe bí káńsù bá fẹ́ náwó sí gọ́tà àti ọgbà ìgbafẹ́ ládùúgbò

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, òjò kan rọ̀ n'Ìbàdàn, ó gbé afárá lọ, èèyàn tó lé ní 100 sì bá a rìn. Àwọn àgbà ìlú ní òun kọ́ ni àkọ́kọ́. Omíyalé ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, ti odò Ògùnpa, kò tíì kúrò lẹ́nu wọn dòní. Síbẹ̀, bí ìpàdé lándílọ́ọ̀dù bá ti kan ọ̀rọ̀ gọ́tà, àṣìṣe àná la tún máa ń ṣe. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, torí èmi ni akọ̀wé ìpàdé tiwa, ọwọ́ mi sì wà níbẹ̀.

Èyí tó burú jù ni kí a bẹ̀rẹ̀ gọ́tà láti òkè. Ní àdúgbò wa, orí òkè ni ẹni tó dáwó jù ń gbé, ni a bá ti iwájú ilé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Gọ́tà náà rẹwà, ó jinlẹ̀, ó gún régé. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀, kọ́fàtì tó gba abẹ́ títì kọjá kò ju páìpù ẹyọ kan lọ, iyanrìn àti ọ̀rá píọ̀ wọ́tà sì ti gba ìdajì rẹ̀. Omi tó máa ń fà díẹ̀díẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá rí ọ̀nà tó dán, ó ń sáré. Òjò àkọ́kọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ náà dé ẹnu kọ́fàtì, kò ríbi gbà, ó yà sí ṣọ́ọ̀bù ìyá tó ń ta èlùbọ́. Mo wà lára àwọn tó bá wọn kó àpò jáde. Omi ti ro àmàlà sínú àpò láìsí iná. Ìyá ò bú ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn wò mí, wọ́n ní, "Akọ̀wé, ṣé ìpàdé tí ẹ̀ ń ṣe látọjọ́ yìí nìyí?"

Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa gòkè bọ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó buwọ́ lùwé, ẹ bá omi rìn. Bí òjò bá dá díẹ̀, tí àgbàrá ṣì ń ṣàn, ẹ wọ bàtà òjò, ẹ tẹ̀ lé e láti ẹnu ọ̀nà yín títí tó fi dé odò. Ibi tó bá ti há ni owó àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ lọ, ì báà má sí lándílọ́ọ̀dù kankan níbẹ̀ tó ń wá sípàdé.

"Ẹ yọ ọ̀rọ̀ ọgbà ìgbafẹ́ kúrò, gọ́tà la nílò." Mo ti gbọ́ èyí lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn, ó sì máa ń dùn létí, torí ta ni yóò máa wo òdòdó nígbà tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ń léfòó? Àmọ́ àbàtà etí odò, níbi tí koríko wà, ibẹ̀ ni omi ti ń sinmi kó tó máa bá tiẹ̀ lọ. Bí a bá gé e ní pulọ́ọ̀tì tà, yàrá la ní kó lọ sinmi sí yẹn. Ẹ wo ọgbà Àgodi n'Ìbàdàn. Ọgbà ẹranko ni lọ́dún 1980 tí Ògùnpa ya wọ ibẹ̀ tó sì bà á jẹ́. Àdánù ńlá ni, ṣùgbọ́n ká ní ilé ló kún ibẹ̀ ńkọ́? Lónìí, wọ́n ti tún ibẹ̀ ṣe, àwọn èèyàn ń lọ ṣe ọjọ́ ìbí níbẹ̀.

Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 pàápàá kò ya méjèèjì. Nínú Àfikún Kẹrin, níbi tó ti ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, gbólóhùn kan náà ló kó títì, iná ojú pópó, gọ́tà, ọgbà ìgbafẹ́ àti ilẹ̀ gbalasa pọ̀. Ẹni tó bá sọ pé iṣẹ́ gómìnà ni, ẹ ka ibẹ̀ sí i létí. Kìlọ̀kìlọ̀ kan ṣá o: ọgbà tí wọ́n bá fi íńtálọ́ọ̀kì tẹ́ látòkè délẹ̀ kò lè mu omi. Òun náà á tún máa wá gọ́tà tiẹ̀.

Àṣìṣe mìíràn ni ti àkókò. Ìgbà tí omi bá dé orúnkún ní oṣù Keje la máa ń sáré kọ̀wé sí káńsù. Oṣù Kìíní ni ètò ìṣúná ń bẹ̀rẹ̀. Kí oṣù Keje tó dé, wọ́n ti pín owó ọdún náà tán. Ẹ ya fọ́tò òjò ọdún yìí, ẹ kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ mú un lọ kí wọ́n tó jókòó ti tọdún tó ń bọ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Bí ìdájọ́ náà ṣe ń rìn sí, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, àmọ́ ẹnu wa ti gba ìbéèrè.

Kí ẹ tó san owó tó kù fún agbaṣẹ́ṣe, ẹ da omi garawa mélòó kan sínú gọ́tà láti òkè, níbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Bí omi bá dúró sí àárín, ibẹ̀ ni ẹ̀fọn yóò ti máa bímọ. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì lẹ ìdérí rẹ̀ pa, kó lè ṣeé ṣí láti kó ẹrẹ̀.

Lórí àbójútó, ẹnu mi ò fẹ́ gbà á sọ. Lọ́dún 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí mílíọ̀nù 200 dọ́là fún ọ̀rọ̀ omíyalé Ìbàdàn. Owó yẹn, bó ti wù kó pọ̀ tó, kò ní wá kó iyanrìn iwájú ilé rẹ fún ọ. Àwa náà sanwó fún àwọn ọmọ tó ń kó ẹrẹ̀, a ò sanwó ọkọ̀ tó máa kó o lọ. Wọ́n gbé e sí etí gọ́tà, òjò dé, ó fà á padà sínú rẹ̀. Iyanrìn kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀mẹta la sanwó kíkó rẹ̀. Ní báyìí, owó ọkọ̀ la kọ́kọ́ ń kọ sílẹ̀.

Ìyá elélùbọ́ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́fàtì náà. Wọ́n ti fi búlọ́ọ̀kù mẹ́ta gbé tábìlì wọn sókè. A ti kọ̀wé sí káńsù fún páìpù kejì, àwọn òṣìṣẹ́ sì ti wá wọn ibẹ̀. Ìyá ló bá wọn di orí téèpù kan mú.