Bí Mo Ṣe Fi Ìgò Omi Ṣe Spésà fún Ọmọ Tí Ásímà Ń Dà Láàmú

Ohun tí dókítà kọ́kọ́ sọ fún wa ni pé kò sí àléébù lára oògùn ásímà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń lò. Ọ̀nà tí oògùn náà ń gbà wọ inú ọmọ ni kò tọ́. Ọmọ ọdún méje ni, ọ̀dọ̀ ìyá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde ni ó ń gbé, èmi ni mo sì máa ń mú un lọ sí ilé ìwòsàn nígbà tí ikọ́ sémìísémìí náà bá dìde sí i. Dókítà ní kí ó fa ínhélà rẹ̀ lójú òun gẹ́gẹ́ bí ó ṣe máa ń fà á nílé. Ọmọ fi í sẹ́nu, ó tẹ̀ ẹ́, gbogbo wa sì rí èéfín funfun tí ó rú jáde ní igun ètè rẹ̀ àti ní ihò imú rẹ̀. "Ṣé ẹ rí èéfín yẹn?" ni dókítà bi mí. "Oògùn tí ẹ fowó rà ni ó ń lọ yẹn."

Ó wá ṣàlàyé fún mi. Agolo kékeré tí ó wà nínú ínhélà ni wọ́n fi agbára rọ oògùn sí, nígbà tí a bá sì tẹ̀ ẹ́, eré burúkú ni oògùn náà ń bá jáde, tí ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ yóò ti lù mọ́ ẹ̀yìn ọ̀fun kí ọmọ tó ráyè fà á sínú. Èyí tí ó bá lẹ̀ mọ́ ọ̀fun, ọmọ yóò gbé e mì ni, kò sì ní dé inú ẹ̀dọ̀fóró, níbi tí iṣan tí ó yí ọ̀nà atẹ́gùn ká ti fún pọ̀. Salbutamol tí ó wà nínú ínhélà aláwọ̀ búlúù ni ó ń mú kí iṣan wọ̀nyẹn dẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ó bá gba ikùn wọ inú ẹ̀jẹ̀ lè mú kí ọkàn máa sáré, kí ọwọ́ sì máa gbọ̀n. Nígbà náà ni ohun tí ìyá mi máa ń sọ wá yé mi, pé lẹ́yìn tí ọmọ yìí bá ti fa oògùn, àyà rẹ̀ a máa lù kìkì, síbẹ̀ mímí rẹ̀ kì í fúyẹ́.

Spésà ni dókítà ní kí a wá. Ohun tí a ń fi sí àárín ẹnu àti ínhélà ni, kí oògùn lè rọ eré rẹ̀ sílẹ̀ nínú rẹ̀, kí ọmọ sì máa mí in sínú wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo bèèrè rẹ̀ ní àwọn ilé oògùn ìlú, n kò rí i. Èyí tí wọ́n ní àwọn lè bá mi gbà wá láti Èkó, owó rẹ̀ ju ti ínhélà fúnra rẹ̀ lọ fíìfíì.

Nígbà tí mo padà lọ sọ fún dókítà, ó sọ ìwádìí kan fún mi, mo sì wá a kà nígbà tí mo délé. Heather Zar àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ṣe é ní Gúúsù Áfíríkà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet ní ọdún 1999. Àwọn ọmọ 88, láti ọmọ ọdún 5 dé ọmọ ọdún 13, tí ásímà gbé dé ilé ìwòsàn, ni wọ́n kópa nínú rẹ̀. Kèké ni wọ́n fi pín wọn sí ọ̀nà mẹ́rin, kí ó má baà jẹ́ pé dókítà ni yóò yan ohun tí ó wù ú fún ọmọ tí ara rẹ̀ le jù: àwọn kan lo spésà tí wọ́n rà, àwọn kan lo ìgò oníke tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù dí ojú ibi tí ínhélà ti wọlé, àwọn kan lo ìgò tí wọn kò dí, àwọn tí ó kù sì lo ife fóòmù. Láàárín àwọn ọmọ tí èémí wọn há jù, ìgò tí wọ́n dí ṣiṣẹ́ bí spésà tí wọ́n rà. Èyí tí wọn kò dí kò tó o. Ife fóòmù ni ó gbẹ̀yìn. Ní ọdún 2008, àjọ Cochrane, tí ń kó àwọn ìwádìí ìṣègùn jọ láti yẹ̀ wọ́n wò, ṣe àyẹ̀wò irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ mẹ́fà pa pọ̀, èyí tí àwọn ènìyàn 658 kópa nínú wọn, wọn kò sì rí ìyàtọ̀ kan gbòógì láàárín spésà àfọwọ́ṣe àti èyí tí a rà. Inú mi dùn gidigidi pé ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ yìí, tí ó sì jẹ́ pé ohun tí ó wà lọ́wọ́ òtòṣì ni wọ́n fi ṣe é.

Ìgò omi tí ó gba 500 ml ni mo lò, èyí tí ike rẹ̀ le díẹ̀. Mo bó ìwé ara rẹ̀ kúrò, mo fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo sì dojú rẹ̀ bolẹ̀ kí omi ro kúrò nínú rẹ̀ fúnra rẹ̀. N kò fi aṣọ nu inú rẹ̀ rárá. Ike tí a bá fi aṣọ gbígbẹ nù a máa fa nǹkan mọ́ra bí ìgbà tí kóòmù tí a fi ya irun ń fa bébà, bí ó bá sì ń ṣe bẹ́ẹ̀, ara ìgò ni oògùn yóò lẹ̀ mọ́ dípò kí ó wọ ẹnu ọmọ.

Ihò tí a óò dá sí ìdí ìgò ni iṣẹ́ tí ó gba sùúrù jù. Kí n tó sún mọ́ iná, mo yọ agolo oògùn kúrò nínú ike ínhélà, mo gbé e sínú yàrá, nítorí pé agolo tí wọ́n rọ nǹkan sí bẹ́ẹ̀ lè bú gbàù bí ooru bá mú un. Mo mú wáyà hánga àtijọ́ kan, mo fi ẹ̀mú tẹ̀ ẹ́ yí ẹnu ínhélà ká títí ó fi bá ìrísí rẹ̀ mu. Ẹnu ínhélà kì í ṣe roboto. Ó fẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, ó sì pẹlẹbẹ lókè àti nísàlẹ̀, ẹni tí ó bá sì kàn fi ìṣó dá ihò roboto sí i, àlàfo ni yóò ṣẹ́ kù. Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti ṣe é nígbà tí ọmọ wà ní ilé-ẹ̀kọ́, torí òórùn ike tí ó ń jó kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró ẹnikẹ́ni, áḿbọ̀sì alásímà. Mo gbé wáyà sórí iná gáàsì títí ó fi pọ́n, mo fi tẹ àárín ìdí ìgò, ike náà yọ́, ó sì já wọlé. Kí ó tó gan, mo ti ẹnu ínhélà bọ ojú ihò náà, ike tí ó ti rọ̀ náà sì fún mọ́ ọn pinpin.

Nígbà tí ó tutù, mo fà á yọ, mo fi abẹ ha gbogbo etí ike tí ó yọ ṣónṣó, mo gbọn ìgò náà dáadáa, mo sì tún un fọ̀ kí ẹ̀rúnrún ike kankan má baà wọ ọ̀fun ọmọ. Lẹ́yìn tí ó gbẹ, mo ti ínhélà padà, mo fi gọ́ọ̀mù yí ojú ibi tí wọ́n ti pàdé ká, mo sì fi téèpù dè é lé e lórí. Mo jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ bá a kí òórùn gọ́ọ̀mù lè lọ. Mo wá fi omi ra ọwọ́ mi, mo gbé e sún mọ́ ojú ìdí náà, mo fẹ́ atẹ́gùn sí ẹnu ìgò. Kò sí atẹ́gùn tí ó kan ọwọ́ mi níbẹ̀.

A kò lò ó nílé kí dókítà tó rí i. Ó yẹ̀ ẹ́ wò yí ká, ó ní kí ọmọ fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wọn agbára èémí, ó sì kọ nọ́ńbà tí ó rí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọmọ fi ìgò náà fa oògùn, a dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15, ó tún fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ náà, ọfà ẹ̀rọ sì gun òkè ju ti àkọ́kọ́ lọ. Èyí ni ó fi ọkàn mi balẹ̀.

Bí a ṣe ń lò ó nìyí. A óò mi ínhélà náà jìgìjìgì. Ọmọ yóò jókòó gangan, yóò mí síta, yóò fi ètè pa ẹnu ìgò mọ́. A óò tẹ ínhélà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọmọ yóò sì máa mí sínú, mí síta nínú ìgò ní ìgbà 5 tàbí 6. Bí dókítà bá ní kí a tẹ̀ ẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, a óò kọ́kọ́ tún mi ínhélà náà jìgìjìgì kí a tó tẹ èkejì, nítorí pé bí a bá tẹ méjì pọ̀, oògùn yóò so pọ̀, yóò sì lẹ̀ mọ́ ara ìgò. "Àǹtí, ṣé kí n gbé e mì ni?" ni ọmọ bi mí. Mo ní, "Má gbé e mì. Máa mí bí ìgbà tí o bá ń sùn." Ọ̀rọ̀ yẹn yé e ju gbogbo àlàyé tí mo ti ń ṣe láti àárọ̀ lọ. Àwọn ọmọ tí kò tíì tó ọdún mẹ́rin kò lè pa ẹnu mọ́ ìgò bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó ní ohun ìbomú ni tiwọn.

Ìyá mi kò kọ́kọ́ gbà. Ẹ̀rọ oníná tí ń sọ oògùn di èéfín ní ilé ìwòsàn ni ó gbẹ́kẹ̀ lé. "Ìgò omi lásán?" ni ó wí. Mo sọ fún un pé, "Màámi, wọ́n ti wọn méjèèjì wò." Àyẹ̀wò Cochrane tí Christopher Cates ṣe àtúnṣe rẹ̀ ní ọdún 2013 fi hàn pé spésà kò rẹlẹ̀ sí ẹ̀rọ náà, pé àwọn ọmọ tí ó lo spésà tètè kúrò ní ẹ̀ka pàjáwìrì, àti pé ìlù ọkàn wọn kò sáré tó ti àwọn tí ó lo ẹ̀rọ. Èyí tí ó kan ọkàn yìí ni ó mú ìyá mi dákẹ́.

Dókítà tún kìlọ̀ pé ínhélà búlúù nìkan kò tó. Ó ń la ọ̀nà atẹ́gùn, ṣùgbọ́n kì í wo wíwú tí ó wà nínú rẹ̀. Láti ọdún 2019 ni GINA, ẹgbẹ́ àgbáyé tí ó ń tọ́ni sọ́nà lórí ásímà, kò ti fara mọ́ ọn mọ́ pé kí àgbàlagbà àti ọ̀dọ́ máa fi irú ínhélà bẹ́ẹ̀ nìkan tọ́jú ara wọn. Ọmọ tiwa náà gba ínhélà ìdènà tí yóò máa lò lójoojúmọ́, àní nígbà tí ara rẹ̀ yá, a sì ń rí i pé ó fi omi yọ ẹnu lẹ́yìn rẹ̀. Bí kò bá lè parí gbólóhùn kan kí ó tó mí, bí awọ àárín egungun ìhà rẹ̀ bá ń wọlé, tàbí bí ètè rẹ̀ bá ń dúdú, ilé ìwòsàn ni a ó gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, a ó sì máa tẹ ínhélà fún un lójú ọ̀nà bí dókítà ṣe kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó ku èéfín. Gàrí ni ìyá mi ń yan, iná igi ni ó sì fi ń yan án. Mo sọ ìwádìí tí Christopher Olopade àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Ìbàdàn, tí ó jáde ní ọdún 2017, fún un: aboyún 324 ni, wọ́n fún àwọn kan ní sítóòfù tí ń lo ẹtanọ́ọ̀lù, àwọn yòókù sì ń fi igi tàbí kẹrosíìnì dáná lọ. Ní ìbẹ̀wò tí ó kẹ́yìn, nọ́ńbà ìsàlẹ̀ nínú ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru fi 2.8 mmHg ga lára àwọn onígi àti oníkẹrosíìnì ju ti àwọn tí ó gba sítóòfù tuntun lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ti òkè kò yàtọ̀. Gáàsì kò lè gbé agbada gàrí tí ó tóbi tó báyẹn láì jẹ èrè rẹ̀ tán, nítorí náà ààrò ni a gbé kúrò lẹ́bàá fèrèsé lọ sí ìpẹ̀kun ẹ̀yìnkùlé, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń gbé èéfín jìnnà sí ilé. Mo sì mú ìyá mi lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru tirẹ̀.

Nígbà tí Ojúde Ọba dé, ọmọ náà fẹ́ rí ẹṣin. A mú un lọ, a dúró síbi tí eruku àti èéfín ìbọn kò ti dé ọ̀dọ̀ wa, ìgò náà sì wà nínú báàgì mi.

Omi ọṣẹ ni a fi ń fọ̀ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, agolo oògùn kì í sì sí nínú rẹ̀ nígbà náà. Bí ó bá sán tàbí tí gọ́ọ̀mù rẹ̀ bá ṣí, òmíràn ni a ó ṣe. Mo ti ṣe ọ̀kan fún ilé-ẹ̀kọ́ náà. Olùkọ́ ọmọ fi agolo tí ó ti tán dán an wò lójú mi títí ó fi mọ̀ ọ́n lò, mo sì lẹ ìwé kan mọ́ ara ìgò náà, tí mo kọ orúkọ ọmọ, iye ìgbà tí wọn yóò tẹ̀ ẹ́, àti nọ́ńbà fóònù èmi àti ìyá mi sí.