Ìfarapa lẹ́nu iṣẹ́ tí ẹ kò tètè sọ: bí ẹ ṣe lè pinnu, àti bí ẹ ṣe máa fi tó ọ̀gá létí

Bí ẹ̀rọ bá gé ènìyàn lọ́wọ́ tí ẹ̀jẹ̀ ń dà, gbogbo ilé iṣẹ́ ló máa mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Èyí tó ń dá wàhálà sílẹ̀ ni ìfarapa tí kò hàn síta: ẹ̀yìn tó já ènìyàn níbi tó ti ń gbé àpò símẹ́ǹtì oní kílò 50, ìṣó tó gún àtẹ́lẹsẹ̀, ègé irin bíńtín tó ta sójú wẹ́dà. Òṣìṣẹ́ á fi róòbù ra á, á lo oògùn ara ríro, á padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìgbà tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹta tí kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ mú nǹkan mọ́ ni yóò wá rántí pé òun kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ní Nàìjíríà, òfin tó kan ọ̀rọ̀ yìí ni Employees' Compensation Act ti ọdún 2010, òfin owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tó bá farapa lẹ́nu iṣẹ́. Àjọ ìjọba tí wọ́n ń pè ní NSITF (Nigeria Social Insurance Trust Fund) ló ń mú un ṣiṣẹ́, inú àpò owó tó wà lọ́wọ́ wọn ni owó gbà-má-bínú ti ń jáde. Agbanisíṣẹ́ ló ń dá owó sínú àpò náà, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó oṣù tó ń san, kò sì gbọdọ̀ yọ kọ́bọ̀ nínú rẹ̀ lára owó òṣìṣẹ́. Ohun tí a ní í sọ ni pé kí ẹ sọ ọ́, bó tilẹ̀ ti pẹ́. Pípẹ́ ṣeé ṣàlàyé. Dídákẹ́ kò ṣeé ṣàlàyé.

Ẹ kọ́kọ́ ka ọjọ́

Gbèdéke mẹ́ta ló wà nínú òfin náà, àwọn ènìyàn sì máa ń gbé ọ̀kan fún èkejì.

Àkọ́kọ́ ni ọjọ́ 14. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyí ni òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi ìfarapa náà tó agbanisíṣẹ́ létí. Ìkejì ni ọjọ́ 7, èyí tí agbanisíṣẹ́ ní láti fi sọ fún NSITF. Ọrùn tiwọn ni èyí wà, tí wọn kò bá sì ṣe é, wọ́n rú òfin. Ìkẹta ni ọdún kan, tí òṣìṣẹ́ ní láti fi kọ fọ́ọ̀mù owó gbà-má-bínú, kó fọwọ́ sí i, kó sì dé ọwọ́ NSITF. Bí ìdí pàtàkì kan bá dí i lọ́wọ́, àjọ náà lè gbà á títí di ọdún mẹ́ta. Tó bá jẹ́ àìsàn tí iṣẹ́ fà, bí etí tí ariwo ẹ̀rọ ọlọ di tàbí ẹ̀dọ̀fóró tí eruku bà jẹ́, ọjọ́ tí àìsàn náà sọ yín di ẹni tí kò lè ṣe bó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Nítorí náà, ẹni tí ọjọ́ 14 ti kọjá lórí rẹ̀ ṣì lè wà láàárín ọdún kan dáadáa. Òótọ́ ni pé òfin sọ pé ẹni tí kò bá fi tó ọ̀gá létí láàárín ọjọ́ 14 ti pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣí ọ̀nà mẹ́ta sílẹ̀: pé ohun tí òṣìṣẹ́ sọ, bí kò tilẹ̀ pé, tó láti fi mọ irú ìfarapa náà àti bó ṣe ṣẹlẹ̀, pé agbanisíṣẹ́ tàbí aṣojú rẹ̀ ti mọ̀ sí i, tàbí pé pípẹ́ náà kò pa agbanisíṣẹ́ lára, tí àjọ sì rí i pé ẹ̀tọ́ ni kí wọ́n gbọ́ ọ. Gbogbo iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe láti ìsinsìnyí lọ, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà wọ̀nyí ni kó gbà.

Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti sọ ọ́ láìmọ̀

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sọ ẹ̀tọ́ wọn nù nìyí. Òfin kò sọ pé ọ̀gá àgbà tàbí HR (ẹ̀ka tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́) nìkan lẹ lè sọ fún. Máníjà, súpáfáísọ̀, ẹni tó ń bójú tó àpótí ìtọ́jú pàjáwìrì, ẹni tó ń darí iṣẹ́ níbi tó ti ṣẹlẹ̀: gbogbo wọn ni aṣojú agbanisíṣẹ́. Ohun tí òfin béèrè kò sì ju orúkọ yín lọ, àkókò àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀, irú ìfarapa náà, àti ohun tó fà á bí ẹ bá mọ̀ ọ́n.

Ẹ wo WhatsApp yín. Ọ̀rọ̀ bíi "Ọ̀gá ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yìn tí mo fi gbé ẹrù lánàá ló ń dùn mí, mi ò ní lè wá lónìí" ti tó láti fi hàn pé súpáfáísọ̀ mọ̀. Ẹ má pa á rẹ́. Ẹ ya àwòrán rẹ̀ lójú fóònù kí orúkọ ẹni tí ẹ kọ ọ́ sí àti ọjọ́ rẹ̀ hàn, kí ẹ sì fi gbogbo ìjíròrò náà ránṣẹ́ sí ímeèlì ara yín, nítorí fóònù lè sọnù. Bó bá jẹ́ pé súpáfáísọ̀ dúró tì yín nígbà tí ẹ ṣubú, tàbí pé ẹnìkan nílé iṣẹ́ ló fi báńdéèjì di ọgbẹ́ yín, ẹ kọ orúkọ àti ọjọ́ sílẹ̀ kó tó fò yín lórí.

Èwo ló yẹ kí ẹ sọ?

Awọ tó bó díẹ̀ tó sì ti jinná, ìwé àkọsílẹ̀ ìjàǹbá ilé iṣẹ́ ti tó o. Ṣùgbọ́n ẹ má ronú lẹ́ẹ̀mejì bí ẹ bá ti pa ọjọ́ iṣẹ́ kan jẹ nítorí rẹ̀, bí ẹ bá ti náwó nílé ìwòsàn, tàbí bí ìrora náà kò bá lọ sílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan.

Àwọn ìfarapa kan wà tí ó yẹ kí ẹ sọ bó tilẹ̀ dà bíi pé kò ṣe nǹkan. Ègé irin tó bá dúró sójú máa ń dípẹtà síbẹ̀. Ẹni tó fi orí gbálẹ̀ lè máa rìn káàkiri fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ẹ̀jẹ̀ máa sun díẹ̀díẹ̀ sínú agbárí rẹ̀, kí orí fífọ́ àti èébì tó bẹ̀rẹ̀. Ìṣó tó gún ẹsẹ̀ lè fa tẹ́tánọ́ọ̀sì, èyí tó sábà máa ń jáde láàárín ọjọ́ 3 sí 21, nígbà tí ojú ọgbẹ́ náà ti lè pa dé. Ẹ̀yìn àti ìpá tí ẹrù wúwo fà náà kì í sábà fi gbogbo agbára wọn hàn lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ní ti àwọn ìdí tí ènìyàn fi ń dákẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò dúró lójú òfin. "Èmi ni mo fà á": òfin yìí kì í wá ẹni tó jẹ̀bi kó tó sanwó. "Wọn ò fún mi ní lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́": àdéhùn ẹnu lásán tó, òfin ka oníṣẹ́ ojoojúmọ́, ọmọ iṣẹ́ àti ọmọ ọ̀dọ̀ tí kì í ṣe ẹbí mọ́ òṣìṣẹ́. "Ojú ọ̀nà ló ti ṣẹlẹ̀": ìjàǹbá láàárín ilé yín àti ibi iṣẹ́ wà nínú rẹ̀. "Mo ti kúrò níbẹ̀": ìgbà tí ẹ wà níbẹ̀ ló ṣẹlẹ̀.

Ìdí tó le ni ìbẹ̀rù kí wọ́n má baà lé ènìyàn lẹ́nu iṣẹ́. A kò ní fojú kékeré wò ó. Ẹni tó ń bọ́ ọmọ ló mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Àmọ́ ẹ rò ó wò: ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kọṣẹ́ pátápátá ní oṣù mẹ́fà sí i máa kúrò níbi iṣẹ́ náà ṣáà ni, kò sì ní ní ìwé kankan lọ́wọ́. Bí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá wà níbi iṣẹ́ yín, ẹ sọ fún aṣojú wọn kí ẹ tó mú lẹ́tà lọ, kó bá yín lọ.

Ẹ dé ilé ìwòsàn kí ẹ tó kọ lẹ́tà

Nígbà tí nọ́ọ̀sì bá béèrè pé "Kí ló ṣe yín?", ohun tí ẹ bá sọ ni yóò kọ sínú káàdì, káàdì yẹn sì ni NSITF máa kà. Ọ̀pọ̀ súpáfáísọ̀ ló máa ń sọ fún òṣìṣẹ́ pé kó ní òun ṣubú nílé. Gbólóhùn kan yìí lè ba gbogbo ẹ̀sùn tí ẹ fẹ́ fi béèrè owó gbà-má-bínú jẹ́. Ẹ sọ ọ́ bó ṣe jẹ́: "Ibi iṣẹ́ ló ti ṣẹlẹ̀, àpò ni mo ń gbé, ó ti tó ọjọ́ 19."

Bí wọ́n bá ti kọ irọ́ náà sílẹ̀ ńkọ́? Ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà kan náà, ẹ sọ òótọ́ fún un, kí ẹ sì sọ ìdí tí ẹ fi sọ èyí tí ẹ sọ tẹ́lẹ̀. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó kọ ọ́ sísàlẹ̀, kó fi ọjọ́ òní sí i. Kó má pa ti ìṣáájú rẹ́ o, nítorí káàdì tí wọ́n fi ọ̀dà funfun pa ojú rẹ̀ rẹ́ kò ní ran yín lọ́wọ́ níbikíbi.

Ẹ gba ìwé dókítà, àbájáde ẹ́ksíréè bí wọ́n bá ya á, àti gbogbo rìsíìtì. Ti kẹ́mísìtì náà wúlò: oògùn ìrora tí ẹ rà ní ọjọ́ kejì ìṣẹ̀lẹ̀ ń fi hàn pé ìrora náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ohun tó fi hàn pé ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà: ìwé tí ẹ ń fọwọ́ sí ní géètì, àtẹ iṣẹ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri (ẹ ya á ní fọ́tò kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀). Ẹ gba nọ́ńbà ẹni méjì tó wà níbẹ̀. Kí oníkálùkù kọ ohun tó fojú ara rẹ̀ rí lọ́rọ̀ ara rẹ̀; ìwé ẹlẹ́rìí méjì tó bá bára mu láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin máa ń mú ìfura wá.

Lẹ́tà náà

Ojú ìwé kan tó. Èdè tí máníjà yóò kà ni kí ẹ fi kọ ọ́, àmọ́ ohun tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ nìyí:

"Orúkọ mi ni …, mo ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ìkẹ́rù. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 4 oṣù Kẹta, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, mo ń gbé àpò ìyẹ̀fun oní kílò 50 sínú ọkọ̀ ní ẹ̀yìn ilé ìkẹ́rùsí kejì. Ilẹ̀ tútù, ẹsẹ̀ mi yọ̀, nǹkan sì já mi ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn. … wà níbẹ̀. Mo parí iṣẹ́ ọjọ́ náà. Mi ò kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà náà torí mo rò pé ara ríro lásán ni. Ní ọjọ́ 22, ìrora náà sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀ òsì mi. Ọjọ́ 23 ni mo rí dókítà, ẹ̀dà ìwé rẹ̀ wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Mo ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ fi ìfarapa yìí tó NSITF létí, kí ẹ sì fún mi ní fọ́ọ̀mù tí mo máa kọ."

Ọjọ́ tí ẹ kọ ọ́ gan-an ni kó wà lókè. Ẹ má dá ọjọ́ padà sẹ́yìn kó lè bọ́ sáàárín ọjọ́ 14, kódà bí ẹnìkan ní HR bá ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwé géètì àti káàdì ilé ìwòsàn yóò tú u, ẹ̀sùn tó jẹ́ òótọ́ á sì wá dà bí irọ́. Ìdí tí ẹ fi pẹ́ ni kí ẹ kọ láìfi bò, gbólóhùn kan tàbí méjì.

Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà méjì. Ẹni tó gba ọ̀kan gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí tiyín, kó kọ orúkọ àti ọjọ́ sí i. Bó bá kọ̀, ẹ fi fọ́tò lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí ímeèlì ilé iṣẹ́ àti WhatsApp máníjà lọ́jọ́ kan náà. Bó bá jẹ́ kọ̀ntírátọ̀ ló gbà yín sílé iṣẹ́ ẹlòmíì, ẹ fún àwọn méjèèjì.

Bí wọ́n bá kọ etí ikún

Ẹ má dúró dè wọ́n. Ẹ kó ẹ̀dà gbogbo ìwé yín lọ sí ọ́fíìsì NSITF tó súnmọ́ yín, kí ẹ béèrè fọ́ọ̀mù níbẹ̀. Bí ilé iṣẹ́ bá sọ pé àwọn kò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NSITF, ẹ sọ ìyẹn náà níbẹ̀. Gbèsè tiwọn ni.

Wọ́n lè fi owó díẹ̀ lọ̀ yín, kí wọ́n sì gbé ìwé kan síwájú yín pé ẹ kò ní béèrè nǹkan kan mọ́. Ẹ lè gba owó ìtọ́jú, ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ sí ìwé tí ẹ kò kà yé. Àdéhùn tí òṣìṣẹ́ bá fi yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ rẹ̀ lábẹ́ òfin yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, bó tilẹ̀ ti fọwọ́ sí i. Ohun tí ẹ sì lè fi bẹ́ẹ̀ pàdánù kì í ṣe kékeré: ẹni tí ìfarapa bá sọ di aláìlè-ṣiṣẹ́ pátápátá, ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ ni òfin ní kí wọ́n máa san fún un.

Bí NSITF fúnra rẹ̀ bá kọ ẹ̀sùn yín, ẹ ní kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sínú ìwé fún yín. Ìgbìmọ̀ tó ń darí àjọ náà ni ẹ máa kọ́kọ́ pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí, lẹ́yìn ìyẹn National Industrial Court, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́. Bí wọ́n bá sọ pé torí pípẹ́ ni, ìdáhùn yín máa wà lórí ọ̀nà mẹ́ta tí a kà sókè: ẹ fi WhatsApp súpáfáísọ̀, ìwé dókítà àti ìwé ẹlẹ́rìí ti ìwé ẹjọ́ náà lẹ́yìn, kí ẹ sì tọ́ka sí èyí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń jẹ́rìí sí.