Bẹ́ ẹ ṣe lè mọ ojúlówó pósítà bíà bock kẹ́ ẹ tó sanwó

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá pósítà àtijọ́ tẹ́ ẹ máa gbé kọ́ ilé ọtí yín l'Ábẹ́òkúta, èyí tí òbúkọ wà lójú ẹ̀ tó di ife ọtí tó ń hó mú yẹn, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀. Bíà bock nìyẹn. Àwọn Jámánì ló gbé e dé Amẹ́ríkà, ó máa ń dúdú díẹ̀ ó sì máa ń le ju bíà ojoojúmọ́ lọ, tí òtútù bá ti ń lọ ni wọ́n máa ń gbé e jáde, ó tún di ọdún tó ń bọ̀. Òbúkọ náà ni wọ́n ń pè ní bock lọ́dọ̀ wọn, ìdí tó fi wà níbẹ̀ nìyẹn.

Ẹ má tíì wo òbúkọ o, lẹ́tà kéékèèké ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kà. Tó bá jẹ́ lébẹ̀lì ìgò tẹ́ ẹ rí Internal Revenue Tax Paid lára ẹ̀ (ìyẹn ni pé wọ́n ti san owó orí ọtí náà fún ìjọba Amẹ́ríkà), àárín 1933 sí 1950 ni. Tí zip code (nọ́ńbà àdúgbò tí iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà ń lò) bá wà nínú àdírẹ́sì, kò lè ṣáájú 1963, ẹni tó bá ní ti 1910 ni, ẹ kí i kẹ́ ẹ máa lọ jàre. Wọ́n sì fòfin de ọtí l'Amẹ́ríkà láti 1920 di 1933, torí náà tẹ́nì kan bá gbé ti 1926 wá, ẹ bi í pé ta ló ń pọn ọ́n.

Bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ ló ń tú àṣírí jù. Ẹ gbé kámẹ́rà fóònù sún mọ́ imú òbúkọ yẹn dáadáa. Lásìkò 1880 sí 1900, orí òkúta ni wọ́n ti ń tẹ irú ẹ̀ (kí ará abẹ́ Olúmọ má ṣe háà), àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òkúta tiẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń yà á, nítorí ẹ̀ àmì àwọ̀ ibẹ̀ ò ní dọ́gba, kékeré ńlá, wọ́n kàn fọ́n ká ni. Tẹ́ni tó ń tà á bá ní ti 1890 ni, tẹ́ ẹ wá rí àmì róbótóróbótó tó tò lẹ́sẹẹsẹ, ẹ̀dà ló sábà máa ń jẹ́, owó ẹ̀dà ni kẹ́ ẹ san.

Tẹ́ ẹ bá rí òbúkọ kan náà lórí pósítà iléeṣẹ́ méjì, kì í ṣe ayédèrú dandan. Àwọn atẹ̀wé máa ń tẹ àwòrán sílẹ̀ kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún orúkọ ẹni tó bá rà á, bí àwọn atẹ̀wé tiwa ṣe ń ṣe kàlẹ́ńdà.

Tẹ́ ẹ bá ti rà á, ẹ má làmínéètì ẹ̀ láéláé, kò ṣeé tú mọ́, ẹ má sì fi sẹ́lótéèpù lẹ ibi tó ya. Èmi o, ẹ̀dà ni màá gbé kọ́ ilé ọtí, màá fi ojúlówó sílé, torí èéfín súyà.